Ọgbà Tí Fàdákà Tán Nínú Rẹ̀

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí télọ̀ lọ wá nínú ọgbà ìgbafẹ́ láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí òtútù ń mú, tí aṣọ oníbàárà sì kún orí tábìlì rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rán mi. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n bíi tèmi á ti mọ̀ pé a kì í kọ iṣẹ́ tó bá rán ni. Kíkùn nìkan la lè kùn, ẹsẹ̀ á sì ti wà lójú ọ̀nà.

Ọkọ rẹ̀ ni mo lọ bá níbẹ̀. Awalẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi ní tèmi, Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é, nítorí a kì í fi ìnagijẹ pe ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni lójú ara rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìlagi ló ti jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Mo ti dé ibi iṣẹ́ yẹn rí. Bí ayùn ńlá wọn bá ti wọ inú igi, igbe tó máa ń ké á fẹ́rẹ̀ẹ́ la èèyàn lórí, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n ń lé eṣinṣin. Ẹ̀rọ náà jẹ ṣóńṣó ìka rẹ̀ kan. Bọ̀ọ̀dá kò ka ìyẹn sí. Ó ní àwọn kan fi ju bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ra ẹ̀rọ àlòkù kan fún un. Ọ̀pá gígùn ni, àwo pẹrẹsẹ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, páálí kékeré tí bátìrì wà nínú rẹ̀ wà lókè. Bí èèyàn bá ń fi àwo yẹn rá orí ilẹ̀ kọjá, tí irin tàbí owó bá wà lábẹ́, ẹ̀rọ á dún. Wọ́n ní kó máa fi wá ìṣúra, kó má baà máa jókòó ti ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe o, wọ́n sì rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́jọ́ náà. Àṣé wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣàwàdà. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bọ̀ọ̀dá ti wọ ọgbà lọ, kò sì tíì jáde tán títí dòní.

Kí ibẹ̀ tó di ọgbà, pápá tí wọ́n ti ń ta màlúù ni, láyé àwọn bàbá ńlá ẹni. Ibi tí èèyàn bá ti ń ta màlúù, owó á bọ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àwọn owó ẹyọ yẹn ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ koríko, lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ lórí pákó, lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí àwọn arúgbó ń jókòó lé. Olùṣọ́ ọgbà gbà fún Bọ̀ọ̀dá láti máa wá wọn, bó bá ti lè dí ihò tó bá gbẹ́, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ní í máa pariwo mọ́ àwọn tó wá sinmi. Nítorí náà ló ṣe ra íápíìsì ńlá kan tó bo etí rẹ̀ méjèèjì. Òun nìkan ló ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń wí.

Ẹ̀rọ náà kò ní ojú gíláàsì tó ń kọ nọ́ńbà bíi ti àwọn tuntun. Ohùn nìkan ló ní. Bọ̀ọ̀dá ti kọ́ mi nígbà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní irin máa ń kùn nísàlẹ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Bàbà máa ń fọhùn níwọ̀n, bíi tèmi àti tìẹ. Ṣùgbọ́n fàdákà, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè tín-ín-rín, bíi kẹ́tùlù tí omi rẹ̀ ti hó. Ó ní bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní í fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Ó sì rí fàdákà lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Á tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì ìjẹun, á kó wọn sórí rẹ̀, á wá pariwo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi á nu ọwọ́ rẹ̀, á fi ojú wo orí àwọn ọba tó wà lára wọn, á sì máa fún wọn lórúkọ. Eléyìí ni Onímúgógó. Eléyìí ni Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Bíi Tẹ̀gbọ́n Mi. Bọ̀ọ̀dá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo máa ń bá wọn nídìí tábìlì yẹn nígbà mìíràn, mo sì máa ń jowú wọn, kí n má purọ́. Èmi ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ sùn, ẹ̀rọ ìránṣọ kì í fúnni lórúkọ.

Nígbà tó yá, fàdákà dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró lójijì, ó ń dín kù ni, bí omi inú kànga lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, títí kò fi sí rárá. Ìṣó, ìdérí ìgò, owó bàbà tí ilẹ̀ ti jẹ lójú, ìwọ̀nyí nìkan ló kù tó ń kó wálé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá kù lẹ́nu rẹ̀, "Ọgbà ti tán." Ó ń sọ pé ọgbà ti tán, ó sì ń pẹ́ sí i níbẹ̀. Ara rẹ̀ ń rù, ojú rẹ̀ ń jìn, kò tún tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá. Kò kí mi. Ó jókòó lórí àga àwọn oníbàárà, ó na ẹsẹ̀ tó ti bà jẹ́ lọ́wọ́ ìdúró nílé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Mò ń lọ."

Mo ní, "Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?"

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Ó ní yàrá kan ṣófo. Mọ́ńdè ni ọkọ̀ mi."

Ọmọ wọn obìnrin ló ń wí, èyí tó bímọ láìpẹ́ yìí, tó ń gbé nílùú mìíràn. Mo ní ó dáa náà, ẹ lọ wẹ ọmọ fún un, kẹ́ ẹ padà.

"Mi ò ní í padà."

Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò mi. Ọkọ mi kọ etí ikún sí mi. Mo máa sọ̀rọ̀ ní kíṣíìnì, á dákẹ́. Mo máa pè é látinú yàrá, kò ní í dá mi lóhùn. Bó bá tiẹ̀ dáhùn, 'Ó dáa' ló máa sọ. Omi ń jò, ó dáa. Orúnkún ń dùn mí, ó dáa. Mo sọ fún un níjọ́sí pé mo fẹ́ kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa pátápátá. Ṣé o mọ ohun tó sọ?"

"Ó ní ó dáa."

"Ó ní ó dáa! Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde lọ. Ọmọ jòjòló tó wà lọ́hùn-ún, a máa dá mi lóhùn jù ú lọ."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ẹ̀rín mì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sunkún. Àmọ́ ó ń fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ àga mi, ibi tí kò sí ìdọ̀tí kankan.

Ó ní, "Lọ bá mi bi í léèrè. Ìwọ ni kó o bi í, torí ó ti sú mi. Bó bá sọ pé kí n má lọ, mi ò ní lọ. Mi ò ní kó bẹ̀ mí o. Mi ò ní kó ra nǹkan kan. Kó ṣáà ti sọ pé má lọ."

Ohun tó gbé mi dé ọgbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹni tó bá kó sí i láàárín, igi ló kó orí sí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì lọ.

Mo bá Bọ̀ọ̀dá létí òdòdó. Ó tẹjú mọ́ mi lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe láyé ìsinsìnyí, tó fi máa ń dà bíi pé èèyàn gbàgbé láti nu ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń sọ ọ́ di aláfojúdi.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá."

Ó ṣí íápíìsì kúrò ní etí kan. "Télọ̀! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kí n wá nasẹ̀ ni."

"Nasẹ̀? Ìwọ tó jẹ́ pé láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí ẹ̀rọ ni ìrìn àjò rẹ mọ?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi íápíìsì padà. "Máa tẹ̀ lé mi. Má tẹ òdòdó olùṣọ́ mọ́lẹ̀, á pa wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ẹ ò rí iṣẹ́ tó ń rẹ èèyàn tó báyìí rí. Á fi ẹ̀rọ gbá sọ́tùn-ún, á gbá sósì, á sún díẹ̀, bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ tí kò ní í mọ́ láé. Bó bá gbọ́ ohùn, á kúnlẹ̀. Á fi ọ̀bẹ gé ojú koríko ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, á fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀, á ṣí i sẹ́yìn bí ìdérí àpò kóòtù, iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, kí n sọ òótọ́. Á kó yẹ̀pẹ̀ sórí àjákù aṣọ tí mo fún un ní ṣọ́ọ̀bù, kó má baà ba koríko jẹ́. Á wá inú rẹ̀, á rí ìṣó. Á da yẹ̀pẹ̀ padà, á dé ìdérí, á fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Á dìde pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. A ṣe é títí. Ìṣó, ìṣó, ìdérí ìgò, owó bàbà kan tí kò ní orí kò ní ìrù mọ́. Òtútù ti wọ egungun mi.

Ó yọ íápíìsì, ó nu ojú. "Ọgbà ti tán, Télọ̀."

Mo dojú kọ ọ́. "Bó bá ti tán, kí lẹ ṣì ń wá?"

Ó wo ẹnu mi, ó wo ẹ̀rọ. "Kí ni n óò máa ṣe nílé? Ilé ti dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo ní, "Ta ni kì í bá ta sọ̀rọ̀?"

"Òun. Mo rò pé mo ti sú u. Á kàn máa lọ, á máa bọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Obìnrin tó ń fún àwọn ọba lórúkọ." Ó fi íápíìsì padà sétí kí n tó rí nǹkan wí.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí ń purọ́, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó bá mi mu ọmú kan náà. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, wò ó, èèyàn burúkú, ó fi ìyàwó sílẹ̀ kó máa bá ògiri sọ̀rọ̀, ó tún wá ń ṣe ojú àánú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wáyà íápíìsì kọ́ igi òdòdó ẹlẹ́gùn-ún. Bọ̀ọ̀dá kò rí i, ó gbé ẹsẹ̀, wáyà já. Ó bú igi náà. Ó wò ó, ó rí i pé kò ṣeé so, ó ká íápíìsì sínú àpò, ó ní olùṣọ́ á gbà fún òun lónìí, ṣebí kò tíì sí èèyàn púpọ̀. Ẹ̀rọ wá ń fọhùn síta fún gbogbo wa. Ó ń kùn lórí irin, gẹ́gẹ́ bó ti wí. Mo ní iṣẹ́ dé, kò sí nǹkan tó bo etí rẹ̀ mọ́, kí n jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kí n máa lọ sílé mi.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Atẹ́gùn ń fẹ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìyàwó yín ń lọ ní Mọ́ńdè o. Ó ń kó jáde. Ó ní tẹ́ ẹ bá sọ pé kóun má lọ, òun ò ní lọ. Kí lẹ ní kí n sọ fún un?"

Kò yíjú. Ó ń gbá ẹ̀rọ lọ sọ́tùn-ún, ó ń gbá a lọ sósì.

"Ó dáa," ló wí.

Inú bí mi gan-an. Ká ní kì í ṣe àna mi ni, ǹ bá ti gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí n fi wá irin lórí rẹ̀. Mo kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo yí ẹ̀yìn sí i. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi á lọ, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, èmi náà á máa lọ kí i níbẹ̀, ọkọ rere kọ́ ló fi sílẹ̀. Mo jókòó bẹ́ẹ̀, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n óò fi sọ ọ́ fún un, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn.

Bọ̀ọ̀dá ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí àwo ẹ̀rọ rẹ̀ dé iwájú bẹ́ǹṣì, ẹ̀rọ náà súfèé. Ohùn náà lọ sókè tín-ín-rín, ó gún mi nínú etí, mo fò díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kọjá. Ó lọ, ó ṣẹ́rí padà, ó ń bọ̀. Ibi kan náà, igbe kan náà. Ó tún kọjá.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo dìde, mo dúró síwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló ń pariwo tẹ́ ẹ ò wà á?"

"Èwo?"

"Èwo kẹ̀? Èyí tó ń han nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi yìí!"

Ó wo ẹnu mi. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé àwo náà kọjá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ń ké. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ojú ẹni tó ń retí nǹkan tí kò tíì dé ni.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Télọ̀."

Mo ní, "Ẹ wa ibẹ̀."

Ó wà á, torí pé ó rí ojú mi. Ó gé koríko, ó ṣí i, ó kó yẹ̀pẹ̀ sórí aṣọ, ó fi ìka wá a. Kò jìn. Owó fàdákà kan bọ́ sílẹ̀, ó funfun balau, ọba kan wà lára rẹ̀ tó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ẹni tó ti ń wá fàdákà látọjọ́ yìí, kò yọ̀. Ó gbé e sórí koríko. Ó dìde, ó gbé àwo ẹ̀rọ lé e lórí, ó yíjú sí mi.

"Ṣé ó ń dún?"

"Ó ń dún."

Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè, ó yí i títí kò fi lọ mọ́. Mo di etí mi. Obìnrin kan ń fa ajá rẹ̀ kọjá lọ́nà. Ajá náà gbé orí sókè, ó ń hu. Olùṣọ́ yọ orí jáde nílé kékeré rẹ̀, ó ń ju ọwọ́, ó ń pariwo pé kí ló dé.

"Ṣé ó ń dún?"

Omi ti lé sí mi lójú. Mo kàn mi orí ni.

Ó pa ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Kì í ṣe ọgbà ló tán," ló wí.

Mo jókòó tì í.

Ó ní, "Àwọn ẹyẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń ké níbí?"

Mo gbé ojú sókè. Orí igi tó wà lókè wa kún fún wọn, wọ́n ń pariwo bí ọmọ iléèwé tó gba ìdáǹdè.

"Wọ́n ń ké, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo rò pé wọ́n ti ṣí kúrò ni."

Bí ẹ bá bi mí, n óò ní mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn lẹ́nu àgbàlagbà. Ó ti ń gbé nínú ayé tí nǹkan ń tán nínú rẹ̀, fàdákà ń tán, ẹyẹ ń tán, ìyàwó ń dákẹ́, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ayùn ilé ìlagi ló ti jẹ ohùn òkè gbogbo mọ́ ọn létí, èyí tó kù ló fi ń bá wa gbé.

Mo fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò mí lẹ́nu. Ìyàwó yín ń sọ̀rọ̀ o. Kò fìgbà kan dákẹ́. Ó ní ẹ̀ ń kọ etí ikún sóun. Ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín ní Mọ́ńdè. Ó ti sọ fún yín, ẹ ní ó dáa. Èmi náà sọ fún yín nísinsìnyí lẹ́yìn yín, ẹ ní ó dáa."

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ètè tirẹ̀ ń mì tẹ̀ lé tèmi. Nígbà tó yé e, ó di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì mú.

"Ó ní òun ń lọ? Mo wá ní ó dáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni." Ó mi orí. "Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èèyàn kò lè máa ní kí wọ́n tún un sọ, kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n á ní ó ti di arúgbó. Mo bá kúkú ń gbà fún gbogbo rẹ̀."

Mo ní ká dìde, ká lọ sọ fún un. Ó kọ̀. Ó ní kí n má sọ fún un.

"Kó kúkú mọ̀ mí sí ọkọ burúkú. Ọkọ burúkú sàn ju adití lọ. Adití, ẹrù ni."

Ìbínú mi padà, ó sì bá mi lára mu. Mo ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kó lọ. Àmọ́ ẹ ò ní í fi ẹ̀gbọ́n mi sínú ọkọ̀ nítorí ojú tó ń tì yín. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Ó dí ihò náà kó tó gbéra, ẹ má rò pé kò dí i.

Kíṣíìnì la ti bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fọ àwo, omi ẹ̀rọ ń ya, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Láìyíjú ló ní, "Ẹ ti dé nìyẹn. Oúnjẹ wà lórí sítóòfù." Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Kò sí ohun tó fi hàn lójú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Mo wá rí bí ọdún wọ̀nyí ṣe rí fún àwọn méjèèjì nínú kíṣíìnì kékeré yìí, pẹ̀lú omi tó ń ya.

Èmi ló pa omi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni mo wí, mo di ẹ̀gbọ́n mi ní èjìká, mo yí i kọjú sí ọkọ rẹ̀. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá sọ fún un. Bọ̀ọ̀dá la ẹnu, ó pa á dé. Àgbà ọkùnrin, ó ń wo ọ̀bẹ tó wà lórí tábìlì. Èmi náà ni mo wá sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀rọ tó ń ké, mo sọ ti ajá, mo sọ ti àwọn ẹyẹ.

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á bú sẹ́kún, tàbí kó dì mọ́ ọn. Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó púpọ̀ jù, ó ti bà mí lọ́pọlọ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bínú. Ó ju aṣọ tó fi ń nu àwo sílẹ̀.

"Ta wá ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?" Ó ń wo ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ tí dókítà ní kí n padà wá ńkọ́? Tí mo ní ẹ̀rù ń bà mí, tẹ́ ẹ ní ó dáa?"

Ojú Bọ̀ọ̀dá là. "Dókítà wo?"

"Kò sí nǹkan kan. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Àmọ́ èmi nìkan ni mo dá lọ."

"Mi ò gbọ́," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mi ò gbọ́ ọ, ìyàwó mi. Mo rò pé ìwọ lo dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi fa àga, ó jókòó wọ̀ọ̀. Ìbínú ti lọ lójú rẹ̀, ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò dára jù ú lọ, àárẹ̀ ni.

Ó ní, "Mi ò lè tún gbogbo ẹ̀ sọ. Ẹ má ní kí n tún un sọ. Ó ti rẹ̀ mí."

Bọ̀ọ̀dá fa àga tirẹ̀. Kò gbé e síbi tó máa ń jókòó. Ó gbé e síwájú rẹ̀ gan-an, débi tí orúnkún wọn fi kan ara wọn, ó sì tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bẹ̀rẹ̀ látàná," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, bí ẹni tó ń bi mí pé irú kí nìyí. Mo gbójú sí fèrèsé. Ó wá gbé ojú sókè sí ọkọ rẹ̀, ó ń la ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé.

"Àná, mo ní kẹ́ ẹ bá mi gbé àpótí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí n kó ẹrù mi sí i."

Bọ̀ọ̀dá wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi parí.

"Mi ò ní í gbé e," ló wí. "Sọ ti ìjẹta."